Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: màmá mi fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò ojú fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀?

Àṣàkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún 61, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, wọn ò sì jókòó níwájú dókítà ojú rí. Awò ìkàwé tí àwọn oníkiri máa ń gbé wọnú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ka Bíbélì. Láìpẹ́ yìí mo ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tó bá sì di alẹ́, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní iná ni kò mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin fọ́jú pátápátá kó tó kú. Ohun tí ẹbí ń sọ ni pé ayé ló ṣe é, kò sẹ́ni tó mú un lọ sọ́sibítù.

Mo ní kí a lọ, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan lọ́jà sọ pé ńṣe ni wọ́n máa ń yọ ẹyinjú èèyàn sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá dá a padà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n gidi. Èmi náà ò rí ọ̀rọ̀ gidi fi dá wọn lóhùn.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún èèyàn níbẹ̀ gan-an? Ṣé ó máa ń dunni? Ṣé òótọ́ ni pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú kì í jẹ́ kéèyàn ríran? Èmi ni mo máa wakọ̀, mo sì ń rò ó pé kí èmi náà kúkú ṣe tèmi lọ́jọ́ kan náà. Ọsibítù ni kí n mú wọn lọ ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń ta awò? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Bàbá Ìbejì

Àṣàkẹ́, má dààmú ara ẹ. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ojú á máa rẹ̀ ẹ́ ni, bó ṣe ń rẹ gbogbo ara nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ta awò ni kí o mú wọn lọ. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n á rí àwòrán kékeré kan nínú ẹ̀ tó máa ṣe bàìbàì, á tún mọ́ kedere, kọ̀ǹpútà á sì tẹ nọ́ńbà ojú wọn jáde sórí pépà pélébé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n á bá wọn ṣe awò, ó parí. Oògùn kíkán ò sí níbẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Ojú

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o, ohun tí ẹ júwe yẹn kì í ṣe àyẹ̀wò ojú. Ẹ̀rọ yẹn ń wá nọ́ńbà awò ni, ìbẹ̀rẹ̀ lásán sì ni nọ́ńbà tó bá tẹ̀ jáde. Kò lè sọ bóyá iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti ń kú lọ. Màmá tó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tí ẹ̀gbọ́n wọn sì fọ́jú, ọ̀rọ̀ wọn ju ọ̀rọ̀ awò lọ.

Àṣàkẹ́, àbúrò mi, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́ sọ fún màmá pé kò sẹ́ni tó ń yọ ẹyinjú ẹnikẹ́ni. Kódà bí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ cataract, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ojú ṣú, inú ihò rẹ̀ ni ẹyinjú máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè: kí ló ń ṣe yín, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, oògùn wo lẹ ń lò, ta ló fọ́jú nínú ẹbí. Má jẹ́ kí màmá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn pamọ́ o. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún dókítà ju ohun tí wọ́n rò lọ.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kíkà. Wọ́n á jókòó ní mítà 6 sí pátákó, wọ́n á bo ojú kan, wọ́n á máa fi èkejì kà á láti orí lẹ́tà ńlá wá sórí kékeré. 6/6 là ń pe ìríran tó péye. Tí wọ́n bá kọ 6/60, ohun tí ẹni tójú ẹ̀ dá ṣáṣá lè kà láti mítà 60, ẹni yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. Bí ìlà kan bá ṣòro, wọ́n lè gbé pátákó dúdú tó ní ihò wínníwínní síwájú ojú ọ̀hún. Tí lẹ́tà bá mọ́ sí i látinú ihò yẹn, a jẹ́ pé awò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Tí kò bá mọ́, ibòmíì la máa wá ìdí ẹ̀ lọ.

Dókítà á tan tọ́ọ̀ṣì sí ọmọlójú, á ní kí wọ́n fojú tẹ̀ lé ìka òun, á tún na ìka sápá ọ̀tún àti òsì láti mọ ibi tí ìríran ẹ̀gbẹ́ dé. Ẹ̀rọ kan á tún wà tí wọ́n máa gbé àgbọ̀n lé, iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde lára ẹ̀. Òun la fi ń wo ìpéǹpéjú, iwájú ẹyinjú àti lẹ́ńsì inú ojú bí ẹni ń wò ó láti ìtòsí gan-an. Ibẹ̀ la ti ń rí cataract.

Ó kan prẹ́ṣọ̀ ojú. Omi inú ẹyinjú ló ń mú ẹyinjú dúró, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú táyà dúró. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn fìn-ín lu ojú. Èèyàn máa ń ta gìrì, ṣùgbọ́n kò dunni. Ti èkejì, wọ́n á kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, wọ́n á fi àró yẹ́lò díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ tó ní iná búlúù á wá rọra fara kan ojú. Màmá ò ní mọ̀ pé nǹkan kankan fara kàn wọ́n. Láàárín 10 sí 21 ni nọ́ńbà prẹ́ṣọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà.

Oògùn tó ń la ọmọlójú ló kù. Ó máa ń ta ojú díẹ̀, kì í pẹ́ lọ. Wọ́n á jókòó dè é fún bíi 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ojú àwa tí ẹyinjú wa dúdú máa ń pẹ́ kó tó là, nígbà míì wọ́n á kán an lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti là tán, dókítà á wá wo ẹ̀yìn ojú: orí iṣan ọ̀hún, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀, àti awọ tó ń gba àwòrán. Kò síbòmíì lára èèyàn tí dókítà ti lè rí òpó ẹ̀jẹ̀ kedere bẹ́ẹ̀ láìlo abẹ. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fi àmì síbẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún ṣì ń ríran dáadáa.

Ní ọsibítù aládàáni, ẹ ka gbogbo ẹ̀ sí wákàtí kan àbọ̀ tàbí méjì. Ní ọsibítù ìjọba bíi UCH, ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ sì gbé oúnjẹ dání, èrò máa ń pọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tẹ ọ̀rọ̀ oògùn kíkán yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa. Àǹtí Àṣàkẹ́, tí ẹ̀yin náà bá gbà á sójú, ẹ má wakọ̀. Nígbà tí wọ́n kán an fún mi, òkèèrè mọ́ díẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ìtòsí ti lọ. Mi ò lè ka ohun tó wà lójú fóònù. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ fún mi ní ṣéńjì, gbogbo náírà dà bákan náà lójú mi, àfìgbà tí mo bẹ ọmọ iléèwé kan tó jókòó tì mí pé kó bá mi kà á. Oòrùn ọ̀sán wá dà bí ẹni tan iná mọ́tò sí mi lójú. Ẹ mú awò òòrùn dání, àti fìlà tó ní etí.

Ó tó wákàtí mẹ́rin kó tó lọ.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Wákàtí mẹ́rin kẹ̀? Tèmi di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má fi iṣẹ́ kankan sí ọjọ́ náà o, pàápàá ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ tàbí tó ń ṣírò owó.

Nọ́ọ̀sì Ojú

Ẹ̀yin méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Wákàtí 4 sí 6 ló wọ́pọ̀, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ó sì tún kan irú oògùn tí wọ́n bá lò. Ti àwọn ọmọdé, oògùn tó lágbára jù ni wọ́n sábà máa ń kán, òun lè ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ wá awakọ̀ mìíràn, tàbí kí Àṣàkẹ́ ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìyá Ọ̀ṣun

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, àyà mi sì ń já. Àǹtí mi kan ní Òṣogbo, wọ́n kán oògùn yìí sí wọn lójú. Nígbà tó di alẹ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń bì. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sùn, pé á lọ. Ojú yẹn ò padà rí bíi tàtijọ́. Èmi ò ní gbà kí wọ́n kán an sí àgbàlagbà mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ojú

Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí yín máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Àwọn kan wà tí ọ̀nà tí omi inú ẹyinjú wọn ń gbà jáde fún gan-an. Tí ọmọlójú wọn bá là, ó lè dí ọ̀nà yẹn pa, prẹ́ṣọ̀ á sì fò sókè lójijì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n wo iwájú ojú kí wọ́n sì wọn prẹ́ṣọ̀ kí wọ́n tó kán oògùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn tààrà: “Ṣé ẹ ti wò ó bóyá ojú wọn gba oògùn yìí?” Ẹ̀tọ́ yín ni, kò sì sí dókítà tó mọṣẹ́ tó máa bínú sí i.

Kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí sì mọ̀ ọ́n sórí: tí ojú bá ń dùn gidi lẹ́yìn oògùn yẹn, tó pọ́n, tí orí ń fọ́, tí èèyàn ń bì, tàbí tó ń rí òṣùmàrè yí iná ká, kó padà sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kódà tó bá jẹ́ òru. Ẹ má ní kó lọ sùn. Wọ́n lè gba ojú yẹn là tó bá tètè dé. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí wọ́n má kán an rárá, ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ̀yìn ojú la ò ní rí.

Adé Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mo wà. Níbí, ọ̀dọ̀ optometrist (ẹni tó kàwé àyẹ̀wò ojú) tó wà láàárín ọjà là ń lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í kán oògùn sí wa lójú. Ẹ̀rọ kan ló máa ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú, wọ́n á gbé e sójú kọ̀ǹpútà, èèyàn á rí iṣan ojú ara ẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n. Torí náà, mi ò rò pé oògùn yẹn pọn dandan.

Ẹni tó bá sì ní ẹbí níbí, ẹ rán wọn létí pé ní England, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń san owó àyẹ̀wò fún ẹni tó ti pé ọdún 60, fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí glaucoma (àìsàn tó ń pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ), àti fún ẹni tó ti pé 40 tí òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ bá ní glaucoma. Àwọn èèyàn wa kan wà tí wọ́n tọ́ sí i tí wọn ò mọ̀, wọ́n á máa sanwó tàbí kí wọ́n má lọ rárá.

Dókítà Awò

Optometrist ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Adé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n tí fọ́tò ò bá mọ́, tàbí tí ẹni náà bá sọ pé ìríran òun ń yí padà, àwọn náà á kán oògùn. Màmá Àṣàkẹ́ ti ní àmì, ó sì ṣeé ṣe kí cataract ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ orí wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí fọ́tò ríran wọlé. Ní ti màmá yìí, kí wọ́n la ọmọlójú.

Lórí ibi tí wọ́n máa lọ: ẹni mẹ́ta là ń pè ní dókítà ojú nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ wọn ò sì rí bákan náà. Ophthalmologist ni dókítà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Optometrist lọ sí yunifásítì fún ìmọ̀ ojú, ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ń ṣe àyẹ̀wò, ó ń kọ awò, ó ń dá àìsàn mọ̀, ó sì ń darí èèyàn lọ síbi tó yẹ. Ẹnì kẹta ló ń gé dígí awò, tó ń tò ó sínú férémù. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó wo ẹ̀yìn ojú yín. Ìjọba ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ optometrist àtàwọn aṣawò sílẹ̀. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù awò, ẹ béèrè bóyá optometrist tó forúkọ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Fún màmá yìí, màá ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù tó ní ẹ̀ka ojú, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n nílò àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀bù kékeré ò ní.

Nígbà wíwá nọ́ńbà awò, a máa ń gbé dígí kan tẹ̀ lé òmíràn síwájú ojú, a ó sì béèrè pé èwo ló mọ́ jù, àkọ́kọ́ àbí èkejì. Àwọn àgbà máa ń rò pé ìdánwò ni, wọn ò fẹ́ kùnà. Kò sí ìdáhùn tó burú níbẹ̀. Tí méjèèjì bá rí bákan náà, kí wọ́n sọ pé bákan náà ni. Ẹ rí i pé nọ́ńbà awò ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó kán oògùn tó ń la ọmọlójú, kí wọ́n sì sọ iṣẹ́ wọn. Ibi tí ẹni tó ń wọn aṣọ ní yáàdì ń wò jìnnà ju ibi tí ẹni tó ń ka Bíbélì ń wò lọ, àwọn méjèèjì ò lo nọ́ńbà kan náà.

Awò inú ọkọ̀ yẹn kò ba ojú wọn jẹ́ o, ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọ̀ràn rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan náà ló wà lójú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn ojú kó tó tà á fún wọn.

Bàbá Ìbejì

Ó dáa, mo gbọ́ ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa wá wọn prẹ́ṣọ̀ ojú lọ́fẹ̀ẹ́. 14 ni tèmi, wọ́n ní ó dáa. Ìyẹn ti fi hàn pé mi ò ní glaucoma. Ṣé kí Àṣàkẹ́ má kàn wá irú ibẹ̀ mú wọn lọ ni?

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, rárá o. Mo ní glaucoma, prẹ́ṣọ̀ mi ò ju 17 lọ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i. Orí iṣan ojú ni dókítà wò tó fi mọ̀. Ó ní ihò kékeré kan máa ń wà láàárín orí iṣan yẹn, tèmi ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ojú kan sì ti burú ju èkejì lọ. Nígbà yẹn, mò ń ka ìwé ìròyìn, mò ń wakọ̀ lọ sí Ṣàgámù, kò sí ibi tó ń dùn mí. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń jẹrà, àárín ò sì jẹ́ kí n mọ̀.

Wọ́n tún ní awọ iwájú ojú mi tín-ín-rín, pé ìyẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka prẹ́ṣọ̀ sí kékeré ju bó ṣe wà lọ. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn awọ náà.

Àṣàkẹ́, tí dókítà bá fura, wọ́n á ní kí màmá ṣe àyẹ̀wò ìríran ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n júwe ẹ̀, torí òun ló máa ń dá àwọn àgbà lágara jù. Wọ́n á dín iná yàrá kù. Màmá á gbé àgbọ̀n sí ẹnu ẹ̀rọ funfun tó rí kòtò bí igbá ńlá, wọ́n á bo ojú kan, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan tó ní bọ́tìnnì lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tẹjú mọ́ iná kékeré tó wà láàárín, kí wọ́n má wá ibòmíì rárá. Iná wínníwínní á máa ṣẹ́jú níhìn-ín lọ́hùn-ún, òmíràn á mọ́, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Á tó ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ojú kan.

Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn torí á gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún tí kò sì rí iná kankan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wá iná tó kéré jù tí ojú lè rí, torí náà kò sẹ́ni tó ń rí gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n máa ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Tó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ pé kó dá a dúró, á dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ti àkọ́kọ́ kì í jáde dáadáa, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá tún un ṣe. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ojú wọn ti bàjẹ́.

Àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ dáa, àwọn tó ń ṣe é ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 14 kò tíì mọ bí orí iṣan rẹ̀ ṣe rí.

Dókítà Awò

Ẹ̀gbọ́n ti bá mi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan kún un. Ìwádìí ńlá kan wáyé káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, lórí àwọn tó ti pé ọdún 40 sókè. Nínú àwọn tí wọ́n bá glaucoma lára wọn, nǹkan bíi 94 nínú 100 ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Cataract ló ń fọ́ ojú jù nínú ìwádìí yẹn, glaucoma sì wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran tí cataract gbà padà. Èyí tí glaucoma bá gbà ti lọ nìyẹn, ohun tó kù la máa ń fi oògùn dáàbò bò. Bàbá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin náà ẹ lọ ṣe gbogbo ẹ̀.

Tíṣà Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin oníṣègùn gbàgbé ohun kan: ẹni tí kò mọ ABC. Àṣàkẹ́ ní màmá ń ka Bíbélì, Yorùbá ni wọ́n á máa kà, lẹ́tà òyìnbó tí kò di ọ̀rọ̀ lè dójú tì wọ́n. Pátákó kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà E nìkan ló wà lórí ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Màmá á kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjú sí. Ẹ béèrè fún un. Fún ìwé kíkà nítòsí, ẹ gbé Bíbélì wọn gan-an lọ, kí wọ́n fi dán awò wò.

Àti pé, Àṣàkẹ́, jọ̀ọ́, má bá wọn dáhùn. Àwa ọmọ máa ń ṣe é. Dókítà á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá, ọmọ á ti fò mọ́ ọn. Ohun tí ìyá ń rí, ìyá nìkan ló lè sọ ọ́. Tí dókítà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì jù, sọ fún un pé kó bá wọn sọ Yorùbá, tàbí kí nọ́ọ̀sì túmọ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ fi kún un: kí wọ́n kó gbogbo ìgò oògùn ojú tó wà nílé dání, èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì àti èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Ìyá ọkọ mi ní ìgò kékeré kan tí wọ́n ń kán nígbàkigbà tí ojú bá ń yún wọn. Dókítà wo ara ìgò yẹn, ó ní steroid wà nínú ẹ̀, pé tí èèyàn bá ń lò ó pẹ́ láìsí ẹni tó ń wò ó, ó lè gbé prẹ́ṣọ̀ sókè, ó sì lè fa cataract. Tí wọ́n bá ń fi omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí àgbo sójú, kí wọ́n sọ ọ́ láìtijú. Kí wọ́n sì dáwọ́ ẹ̀ dúró, torí ó lè kó àrùn bá ojú.

Àṣàkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣọ́ ojú gbogbo yín. Mo ka èyí fún màmá lánàá. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí n tún ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn tí kò sì síbi tó ń dùn wọ́n yẹn kà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní ẹ̀gbọ́n àwọn náà ń ka ìwé ìròyìn títí ó fi kù díẹ̀. Wọ́n ti gbà láti lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa wa ọkọ̀.

Ó ku ìbéèrè mẹ́ta. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ náà? Ṣé kí wọ́n gbààwẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 34 tí mò ń ríran dáadáa, ṣé mo nílò ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ojú

Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí wọ́n sì mú páálí ẹ̀ dání. Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ béèrè iye tí káàdì jẹ́, iye tí àyẹ̀wò jẹ́, àti iye tí ìríran ẹ̀gbẹ́ àti fọ́tò ẹ̀yìn ojú jẹ́, torí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gbà á níbi púpọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ra awò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gba ìwé nọ́ńbà, ẹ lè ṣe é níbi tó bá wù yín.

Ìwọ náà nílò ẹ̀, Àṣàkẹ́. Ẹni tí kò ní àmì kankan, tí kò sí afọ́jú nínú ẹbí rẹ̀, kó má jẹ́ kí ó kọjá ọdún 40 kó tó ṣe àkọ́kọ́. Ìwọ ti ní ẹ̀gbọ́n màmá tó fọ́jú láìmọ ohun tó fọ́ ọ. Tí wọ́n bá wá rí glaucoma lójú màmá, ìwọ, àbúrò rẹ tó ń wakọ̀, àtàwọn ọmọ ìyá màmá tó kù, gbogbo yín ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ẹni tójú ń dùn nìkan.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún màmá: lẹ́tà tí ojú kọ̀ọ̀kan kà dé, iye prẹ́ṣọ̀ ojú kọ̀ọ̀kan, àti bí orí iṣan ojú kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Yà á ní fọ́tò sórí fóònù ẹ. Bí màmá bá lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, nọ́ńbà yẹn ló máa fi mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà.